Báàjì ṣíṣe nílé ní Peckham: ẹ̀rọ kò ṣòro rà, orúkọ ló gba ọgbọ́n

Ọgọ́ta báàjì ni mo tẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, lórí tábìlì ìdáná ìyá mi ní Peckham. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ku ọ̀la. Àwọn àgbà ti ní kí n bá àwọn ṣe báàjì tí ẹbí méjèèjì yóò fi sáyà, aláwọ̀ pupa fún ilé ìyàwó, aláwọ̀ ewé fún ilé ọkọ, kí àlejò tí oúnjẹ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè mọ ẹni tí yóò pè. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ EBI IYAWO sára ti àkọ́kọ́, mo kọ EBI OKO IYAWO sára ìkejì. Mo tẹ̀ wọ́n tán, mo tò wọ́n sínú abọ́, inú mi sì dùn.

Ìyá mi wọlé wá mu omi. Ó mú ọ̀kan, ó wò ó, ó tún un wò.

"Ta ni ebi ń pa ní oko ìyàwó?" Ohun tó bi mí nìyẹn.

Bí ẹ kò bá tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹbí ni àwọn ìbátan ẹni. Ebi ni ohun tó ń pa ni nígbà tí a kò tíì jẹun. Ọkọ ìyàwó ni ẹni tó ń gbé ìyàwó. Oko ni ibi tí wọ́n ti ń gbin iṣu. Àmì kékeré mẹ́ta ni mo fò lábẹ́ lẹ́tà, mo sì sọ gbogbo ìdílé ọkọ di ebi tó ń pa ènìyàn lóko.

Páànù ọgọ́rùn-ún ni mo rà. Ọgọ́ta ti lọ, báàjì tí a bá sì ti tẹ̀ pa kò ṣe é tú kó má bàjẹ́. Ogójì tó kù ni mo fi tún ti àwọn àgbà ṣe, aago mẹ́ta òru sì lù kí n tó parí. Lọ́jọ́ kejì, àwa ọ̀dọ́ ni kò rí tuntun lò. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi "ebi" sáyà, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri inú gbọ̀ngàn títí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fi dé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dá owó àwọn àgbà padà.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé mo mọ ọ̀dọ́ bíi tèmi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá òwò kékeré tí ó lè máa ṣe nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́yìn iṣẹ́. Báàjì ṣíṣe wà lára èyí tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ni ìmọ̀ ohun tó yẹ kí a kọ sí i, pàápàá orúkọ, kí ó sì pé. Ibẹ̀ ni owó wà fún ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ náà ni ìtìjú wà.

Bí báàjì ṣe ń di báàjì

Ohun mẹ́rin ló wà nínú báàjì tí à ń sọ: páànù róbótó tó jẹ́ ojú rẹ̀, bébà tí a tẹ àwòrán sí, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara tó ń bo bébà náà, àti ẹ̀yìn tó ní abẹ́rẹ́. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sì sí iná. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan ló ń ká etí bébà àti ọ̀rá mọ́ ẹ̀yìn páànù, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ẹyọ kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó gbé páànù sínú ihò kìíní, ẹ ó gbé bébà lé e kí àwòrán kọjú sókè, ẹ ó fi ọ̀rá bò ó, ẹ ó sì tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ ó rí i pé ihò náà ti ṣófo. Ẹ má bẹ̀rù, orí ẹ̀rọ ló gbé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó gbé ẹ̀yìn alábẹ́rẹ́ sínú ihò kejì, ẹ ó yí i bọ́ sábẹ́ orí ẹ̀rọ, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Báàjì yóò jáde. Ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti sábà máa ń ṣàṣìṣe ni abẹ́rẹ́ yìí. Bí kò bá dọ́gba pẹ̀lú àwòrán, ẹni tó wà lójú báàjì yóò dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé nígbà ìwàásù.

Oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà. Èyí tó jẹ́ 25mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó owó ẹyọ 10p, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló gbà. Èyí tó jẹ́ 58mm ló dára fún àwòrán ènìyàn àti fún òde, nítorí àgbà lè kà á láì wá awò ojú rẹ̀. Bébà gbọ́dọ̀ tóbi ju ojú báàjì lọ. Fún báàjì 58mm, bébà róbótó tó sún mọ́ 70mm ni ẹ ó gé, nítorí etí rẹ̀ yóò ká lọ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí orúkọ kò fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí. Mo ti rí báàjì òkú àgbà kan tí ìdajì orúkọ ìdílé rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn páànù.

Ohun mẹ́ta mìíràn tí kò yẹ kí ẹ fi owó yín kọ́: Ọ̀kan, bébà tó nípọn jù máa ń há ẹ̀rọ, bébà 80 sí 100 gsm tí a ń lò nílé ti tó. Èkejì, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín bá jẹ́ alomi tàdáwà, ẹ jẹ́ kí bébà gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi ọ̀rá bò ó. Ẹ̀kẹta, páànù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn mu, bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ibi tí ẹ ti ra ẹ̀rọ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ra páànù.

Ìlú yìí ti mọ agbára báàjì tipẹ́

Amẹ́ríkà ni irú báàjì yìí ti gbòde. Ilé iṣẹ́ Whitehead & Hoag ní Newark ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tó sì di ìbò ààrẹ ọdún 1896 láàárín McKinley àti Bryan, ojú àwọn olóṣèlú ti wà láyà àwọn ènìyàn káàkiri. Ohun tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀ ni pé kò wọ́n, kò sì ní kí ẹni tó fi sáyà sọ̀rọ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ènìyàn lásán ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí Gerald Holtom ya àmì àwọn tó ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ọdún 1958, Eric Austin ló ṣe àwọn báàjì àkọ́kọ́. Amọ̀ ni ó fi mọ wọ́n, ó fi dúdú ya àmì náà sí ojú funfun, ó sì sun wọ́n níná bí ìkòkò. Àlàyé tí wọ́n fi sí i ni pé bí ogun átọ́míìkì bá jó gbogbo nǹkan, amọ̀ sísun yìí yóò wà lára ìwọ̀nba ohun ọwọ́ ènìyàn tí yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká wá sí àdúgbò wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1977, ẹgbẹ́ National Front tí kò fẹ́ ènìyàn dúdú nílùú yìí fẹ́ rìn láti New Cross lọ sí Lewisham, tí bọ́ọ̀sì láti Peckham kì í pẹ́ dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde láti dènà wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n dá Anti-Nazi League sílẹ̀, báàjì wọn tó ní ọfà sì wà láyà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, pẹ̀lú báàjì oníràwọ̀ ti Rock Against Racism. Nígbà tí wọ́n ṣe òde orin ńlá wọn ní Brockwell Park ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1978, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàjì yẹn láyà ti sọ ibi tí òun dúró sí kí ó tó la ẹnu. Fún òbí àti òbí àgbà wa tó ń gbé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kì í ṣe ohun kékeré láti rí i láyà àjèjì tó jókòó tì wọ́n.

Peckham fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí bébà kékeré lè ṣe. Lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ oṣù Kẹjọ 2011, nígbà tí wọ́n fi pákó dí fèrèsé Poundland tó fọ́ ní Rye Lane, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà pélébé mọ́ pákó náà. Wọ́n ń kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn Peckham sí i, títí bébà fi bo pákó. Wọn kò jù wọ́n nù. Wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn sára ògiri ní Peckham Square, ó sì di ohun tí àlejò ń dúró kà.

Orúkọ ni ẹnu ọ̀nà

Báàjì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí láyà ìyá tàbí àǹtí yín. Ní oṣù Kẹjọ 2013, Kate Granger, dókítà kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú òun kò sọ orúkọ wọn fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo "Hello my name is", báàjì rẹ̀ sì tàn dé ilé ìwòsàn káàkiri Bìrìtìkó. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 2016, ẹni ọdún 34, ṣùgbọ́n báàjì náà kò kú.

Báàjì mìíràn tún wà lórí ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin kan tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun rí i pé àwọn ènìyàn kò dìde fún òun, nítorí àìsàn òun kò hàn lójú. Ó ṣe báàjì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Transport for London gbọ́, wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní ọdún 2016, nígbà tó sì di 2017, ẹnikẹ́ni tí àìsàn rẹ̀ kò hàn lè gba báàjì tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó. Ẹ rí i pé ẹnìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó ń dùn ún.

Kí ló ń dun àwa ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín? Fún mi, orúkọ ni. Mo lo ọdún méje ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré pẹ̀lú orúkọ tí tíṣà gé sí méjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo sì gbà, nítorí n kò fẹ́ kí kíláàsì tún rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ ìgékúrú orúkọ rẹ̀ sí báàjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kí ẹni tó ń ṣàìsàn má bàa ṣe wàhálà. Nígbà tí ó ní kí n bá òun ṣe èyí tí orúkọ òun yóò pé lórí rẹ̀, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀, ó gbé e sọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi sáyà. "Bí bàbá mi ṣe ń kọ ọ́ nìyí," ohun tó sọ nìyẹn. Àmì wọ̀nyẹn ni mo gbàgbé lórí báàjì ìgbéyàwó.

Wọ́n lè fi ẹ̀rọ tẹ báàjì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fún £ díẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé OJO tí ìyá kan kọ ránṣẹ́ lè jẹ́ òjò tó ń rọ̀, tàbí ọjọ́ tó ń lọ, tàbí ojo tó ń sá fún ìjà, tàbí Òjó, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn. Kò mọ̀ pé Ayọ̀ ni ìdùnnú, pé ayò sì ni eré inú ọpọ́n. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, tàbí ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bi.

Bí orúkọ ṣe ń pé

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ, ní ọdún 1843. Nítorí náà, kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń tẹ èdè wa nílùú yìí. Bí wọ́n bá lè ṣe é pẹ̀lú lẹ́tà irin, kò yẹ kí fóònù ṣẹ́gun wa.

Ohun tó ń fa wàhálà nìyí. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n tí àmì ohùn bá gun ẹ tàbí ọ lórí, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò sí àyè ẹyọ kan fún un. Kọ̀ǹpútà ní láti to àmì náà lé lẹ́tà fúnra rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ Yorùbá yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tí a ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL kì í já ni kulẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Lórí fóònù, Gboard ti Google ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Fún kọ̀ǹpútà, YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́, ó sì ní àkójọ orúkọ tí ẹ lè fi yẹ àmì àti ìtumọ̀ wò.

Fọ́ǹtì nìkan kò tó o. Láti ọjọ́ ebi oko ìyàwó, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe kí n tó tẹ ẹyọ kan.

Àkọ́kọ́, n kì í béèrè pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?" Ọ̀pọ̀ àgbà kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń kọ lórí WhatsApp, nítorí àwọn kò nílò rẹ̀ láti kà á. Mo máa ń ní kí wọ́n pe orúkọ náà, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá sọ ìtumọ̀ ti sọ àmì.

Èkejì, mo máa ń fi han àgbàlagbà kan tí kò mọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, kí ó kà á sókè. Ìyá mi ló ń ṣe èyí fún mi. Bí ó bá kà á tó sì dúró díẹ̀, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa ń tẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́, mo sì dúró títí yóò fi kọ̀wé pé, "Ó dára, máa tẹ̀ ẹ́ lọ." Bí ó ti wù kí wọ́n máa kán mi lójú tó, n kò tẹ ìkejì kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọlé.

Fún ìsìnkú, ìṣọ́ra náà gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò ẹni tó lọ ni ẹbí yóò fi sáyà lọ sí ibojì, ọ̀pọ̀ yóò sì tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ fún ẹbí, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rí nọ́ńbà fóònù yín nìkan. Fọ́tò wo ni wọ́n fẹ́? Orúkọ wo ló yẹ kó ṣáájú? Ṣé "Bàbá wa" ni wọ́n fẹ́ kọ, tàbí "Bàbá àgbà"? Ẹ má ṣe fi ìkánjú yanjú èyí.

Owó, àti àwọn Àǹtí wa

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìdílé kan fẹ́ ọgọ́ta báàjì 58mm fún ìsọmọlórúkọ. Ká ní páànù, ọ̀rá, bébà àti tàdáwà jẹ́ 25p fún ẹyọ kan, ẹ sì tà á ní £1.20. Owó tó wọlé jẹ́ £72. Owó ohun èlò jẹ́ £15. Ó ku £57. Ó dùn ún gbọ́, àbí?

Ẹ ka wákàtí yín báyìí. Ẹ fi wákàtí méjì ya àwòrán, tí ẹ sì ń dáhùn ìpè. Ẹ fi méjì gé bébà, tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀kan gbé e lọ fún wọn. Wákàtí márùn-ún nìyẹn, £11.40 fún wákàtí kan. Ní oṣù Kẹrin 2025, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún 21 jẹ́ £12.21. Ẹ kò tíì yọ owó ẹ̀rọ kúrò. Bí ẹ bá sì ṣe irú àṣìṣe tèmi, £15 mìíràn ti lọ, wákàtí méjì mìíràn náà sì ti lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ta páànù. Ìmọ̀ ni kí ẹ máa tà. Báàjì tí ẹnikẹ́ni lè ṣe kò ní gba ju owó tí ẹnikẹ́ni ń gbà. Èyí tí orúkọ pé lórí rẹ̀, tí ẹbí sì mọ̀ pé kò ní dójú ti àwọn lóde, lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti pín owó mi sí méjì báyìí. Owó àwòrán àti àyẹ̀wò orúkọ dá dúró, owó ẹyọ báàjì kọ̀ọ̀kan náà dá dúró. Ẹni tó fẹ́ mẹ́wàá àti ẹni tó fẹ́ ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ orí kan náà ni wọ́n fún mi ṣe.

Ó wá ku àwọn Àǹtí. Kò sí ẹni tó ń ṣòwò láàárín ẹbí Yorùbá tí kò mọ ìpè yìí:

"Ṣé owó lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ?"

Àwa tí wọ́n bí síhìn-ín sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú méjì. A lè dákẹ́, ká ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ká sì máa kùn. A sì lè fi èdè Òyìnbó ka iye owó bí ẹni tó ń ka ìwé àdéhùn, ká sì bí àgbà nínú. Méjèèjì kò dára. Ìdáhùn tèmi ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi san owó páànù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ̀bùn tèmi." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Àǹtí dákẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì san gbogbo rẹ̀, àti ti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún kì í sábà fẹ́ kí ẹ jẹ gbèsè nítorí òun. Fún àjèjì, ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí ẹ tó ra ohun èlò.

Ohun tí òfin sọ

Ní Bìrìtìkó, bí gbogbo owó tó wọlé fún yín láti inú òwò kékeré kò bá ju £1,000 lọ láàárín ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ kì í sábà ní láti sọ fún àwọn agbowó orí, HMRC. Ẹ ṣàkíyèsí: owó tó wọlé ni mo wí, kì í ṣe èrè. £72 ni ẹ ó kà níbi ìṣírò òkè yẹn, kì í ṣe £57. Bí ó bá ju £1,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá lẹ́yìn tí ọdún owó orí náà bá parí. Ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ owó sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò gbà yín.

Ẹ má ṣe tẹ àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Matthew Reed ta ọjà tó ní orúkọ Arsenal lára nítòsí pápá Highbury fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tilẹ̀ gbé pátákó síta pé ọjà òun kì í ṣe ti ẹgbẹ́ náà gan-an. Arsenal gbé e lọ ilé ẹjọ́, ó dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní ọdún 2002, pátákó náà kò sì gbà á sílẹ̀. Ní 2003, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Arsenal láre. Bó ṣe rí fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ló rí fún àwòrán fíìmù, fún àmì ilé iṣẹ́, àti fún fọ́tò olórin tí ẹlòmíràn yà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Rye Lane, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù Southwark ná. Ọjà tí oníbàárà rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sábà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ṣe fún un ní pàtó, tó ní orúkọ rẹ̀, kò sí lára rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹ má tún àṣìṣe tiyín ṣe o. Bí ẹ bá fẹ́ fi báàjì ránṣẹ́, ẹ rántí pé lẹ́tà lásán ti Royal Mail kò gbọ́dọ̀ nípọn ju 5mm lọ, báàjì sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀. Owó lẹ́tà ńlá ni kí ẹ ṣírò mọ́ ọn. Ní pàtàkì jù, abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́ ń jẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà ló ń fi báàjì sáyà. Ẹ má ṣe kọ́ ọ mọ́ aṣọ ọmọ tuntun.

Kọ́tìnnì ìdáná

Ọ̀kan nínú ọgọ́ta báàjì ọjọ́ náà ṣì wà lára kọ́tìnnì ìdáná ìyá mi. EBI OKO IYAWO, aláwọ̀ ewé, ó ti ń ṣá díẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò. Nígbàkúgbà tí mo bá gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọdé kan nínú ìdílé wa fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Ó ní kí n bá òun ṣe báàjì orúkọ òun, gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìgékúrú. Mo ní kí ó pè é fún mi kí n gbọ́. Ó pè é, ó sì ṣì í ní àárín. Ìyá mi dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró, wọ́n pè é fún un, wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà. Ọmọ náà tún un pè, ó sì gún régé.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ẹ̀rọ.